Owó ọ̀yà tèmi náà wà níbẹ̀

Ẹ má fojú kéré ara yín. Ẹ kọ́kọ́ yọ owó iṣẹ́ yín kẹ́ ẹ tó ka èrè. Gàrí ni mo ń tà ní ọjà Ouando, l'Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ní ilẹ̀ Benin. Tí mo bá pa igbá dé nírọ̀lẹ́, mo máa ń ya owó ọjà sọ́tọ̀, owó ọkọ̀ sọ́tọ̀, kí n tó so 500 fráǹkì mọ́ etí aṣọ. Owó ọ̀yà mi nìyẹn, kì í ṣe èrè o! Ẹni tó bá fẹ́ yá a, mi ò ní.

Tí wọ́n bá yìn yín, ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ dákẹ́. Ẹ má dáhùn pé "Kò tó nǹkan".

Ìyá Ìbejì ni gbogbo ọjà ń pè mí, ó sì dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n orúkọ tí bàbá mi sọ mí ni mo kọ sára àpò gàrí mi.