Bí Mo Ṣe Ya Púlì Ẹ̀rọ Gààrí Lórí Kọ̀ǹpútà

Òórùn rọ́bà tó ń jó ni mo fi mọ ohun tí mo máa yà. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la gbé pákí lọ sí ilé ẹ̀rọ gààrí kan lójú ọ̀nà Ìlọrin, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, a sì ń dúró kó kàn wá. Ẹ́ńjìnnì ń pariwo dáadáa, àmọ́ bí wọ́n bá ti da pákí sí i tó pọ̀ díẹ̀, àgbá tí ń rin ín á dúró gbagidi. Bẹ́líìtì á máa yọ̀ lórí púlì, ìyẹn irin róbótó ara ọ̀pá àgbá tí bẹ́líìtì ń yí, òórùn á sì gba gbogbo ilé. Màmá tó ni ẹ̀rọ sọ fún wa pé àwọn ti ra bẹ́líìtì tuntun lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta, kò sì sí ìyàtọ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni olùkọ́ wa gbé iṣẹ́ àṣekágbá fún wa. Ọdún kejì la wà nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, kọ́ọ̀sì náà sì ni àkọ́kọ́ tí a máa ṣe lórí fífi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ẹ̀rọ, èyí tí gbogbo wa ń pè ní CAD. Iṣẹ́ ọ̀hún kò ju gbólóhùn kan lọ: kí oníkálukú wá ohun kan tí wọ́n ń lò nínú ìlú, kó wọ̀n ọ́n, kó sì yà á débi pé ẹni tí kò fojú rí i rí á lè ṣe òmíràn. Ní kíláàsì àkọ́kọ́, olùkọ́ wa ti sọ fún wa pé ní 1963 ni Ivan Sutherland, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, ṣe Sketchpad, tí èèyàn fi kálàmù oníná ń ya ìlà sójú ẹ̀rọ, àti pé AutoCAD, ètò ìyàwòrán tí àwa ń lò lórí kọ̀ǹpútà, jáde ní 1982. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn nínú ìtàn náà ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìlà inú kọ̀ǹpútà ti yàtọ̀ sí ìlà orí ìwé. O lè pàṣẹ pé kí ìlà méjì gùn bákan náà, wọn ò sì ní yà kúrò nínú àṣẹ yẹn.

Mo padà sọ́dọ̀ Màmá ní àárọ̀ Sátidé, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mo mú ìwé, pẹ́ńsù, tépù àti kálípà tí mo yá, irinṣẹ́ ẹlẹ́nu méjì tí a fi ń há nǹkan láti wọ̀n ọ́n. Mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ lásán ya púlì náà sínú ìwé, láìlo rúlà, kí n lè ní ibi tí mo máa kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sí. Mo rọ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí pé kó má fo ìgbésẹ̀ yìí. Ọ̀rẹ́ mi kan kọ ìwọ̀n tirẹ̀ sórí fóònù ní títò-títò, nígbà tó délé kò mọ èyí tó jẹ́ gígùn mọ́, kò mọ èyí tó jẹ́ ìbú.

Kálípà mi kì í là ju mìlímítà 150 lọ, púlì sì tóbi jù bẹ́ẹ̀. Tépù náà kò ṣeé gbọ́kàn lé lórí ohun róbótó, torí èèyàn kì í mọ̀ bóyá àárín gan-an ni òun gbé e gbà. Màmá ló fún mi ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán ẹnu àpò gààrí. Mo we okùn náà mọ́ etí púlì lẹ́ẹ̀kan, mo fi bírò sàmì síbi tó ti pàdé, mo wá tẹ́ ẹ sórí tépù. Ó jẹ́ mìlímítà 628. Mo pín in sí 3.142, torí iye ìgbà tí ìbú ohun róbótó wọ inú àyíká rẹ̀ nìyẹn, ó kù díẹ̀ kó pé 200. Bí mo ṣe rí ìbú púlì nìyẹn.

Kálípà ló wọn ìyókù. Etí púlì fẹ̀ ní 25. Ìdodo rẹ̀, níbi tí ọ̀pá ń gbà kọjá, jẹ́ 50 ní ìbú àti 40 ní gígùn. Irin pẹlẹbẹ tó so ìdodo mọ́ etí nípọn ní 10. Ihò àárín jẹ́ 25, mo sì rí ẹ̀rí rẹ̀ níbòmíràn: wọ́n kọ UCP205 sára bẹ́ríìnì tó gbé ọ̀pá dúró. Tí a bá fi 5 sọ nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ di púpọ̀, ìbú ọ̀pá ló máa ń jẹ́, 5 lọ́nà 5 sì jẹ́ 25. Inú mi dùn gan-an nígbà tí méjèèjì bára mu. Lẹ́yìn náà ni mo wọn yàrà tí bẹ́líìtì ń gbà sáré: ẹnu rẹ̀ jẹ́ 19.2, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo kọ ọ́ bí mo ṣe rí i.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo jókòó ti kọ̀ǹpútà. Fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣọ́ra fún nínú AutoCAD. Èyí tó ń jẹ́ acad.dwt, íǹṣì ló wà fún, acadiso.dwt ni ti mìlímítà. Èyí kejì ni mo ṣí. Mo pín àwọn ìlà mi sí layer (ìpele) mẹ́rin: ìlà tí ojú rí, tó nípọn ní 0.5, ìlà ohun tó fara pamọ́, tó já ní kékèèké, ìlà àárín, tó gùn tó sì kúrú ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé, àti ìlà ìwọ̀n. 0.25 ni mo fi sí àwọn mẹ́ta yòókù.

Ìlà àárín ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí gbogbo ohun róbótó, àárín ni wọ́n ti ń wá. Mo tẹ F8 kí ìlà má baà wọ́, mo tẹ F3 kí orí ìlà kan lè máa gbá orí èkejì mú. Mo tẹ C láti ya òbírí: 200, 50, 25, gbogbo wọn láti ojú kan náà. Ibẹ̀ yá. Ojú ẹ̀gbẹ́ ló gba àkókò, torí mo fẹ́ yà á bí ẹni pé a fi ayùn la púlì sí méjì. Òkè nìkan ni mo yà: OFFSET fún ìlà tó bára dọ́gba, TRIM láti gé ohun tó lé, mo wá fi MIRROR gbé e sí ìsàlẹ̀. Mo fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó dagun ní digírí 45 kún ibi tí ayùn gba ara irin kọjá. Èmi tí mo ti lo pátákó ìyàwòrán àti tí-súkúyà, rúlà tó rí bíi lẹ́tà T, ní sáà tó ṣáájú, tí ìlà kan tó bá ṣì máa ń ba ìwé odidi ọ̀sán jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo mọ ohun tí MIRROR yẹn dá padà fún mi.

Mo gbé e lọ han olùkọ́ wa lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní kí n sún yàrà bẹ́líìtì mọ́ ojú.

“Báwo lo ṣe rí 19.2 yìí?”

“Mo wọ̀n ọ́n ni, sà.”

“Ìsàlẹ̀ yàrà yẹn, ṣé ó ń dán ni àbí ó dọ̀tí?”

Mo rò ó. Ó ń dán bíi dígí.

“Àìsàn púlì lo yà. Lọ ya púlì kó tó ṣàìsàn.”

Mi ò lè gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Wọ́n ṣàlàyé pé irú bẹ́líìtì yìí, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dagun tí òkè rẹ̀ sì fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, kì í fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ di púlì mú rárá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi ń há sínú yàrà, bí èèkàn tí a gbá wọ àárín igi. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń fà á tó ni á ṣe máa há tó. Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ yàrà bá ti jẹ, bẹ́líìtì á rì sílẹ̀ títí á fi jókòó sórí ìsàlẹ̀. Kò há mọ́, yíyọ̀ ló kù. Dídán ìsàlẹ̀ yàrà ni ẹ̀rí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bẹ́líìtì tuntun méjì tí Màmá rà kò fi ràn wọ́n lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ pé ohun tí mo kọ́kọ́ yà ni ẹnikẹ́ni fi ṣe púlì, aláìsàn mìíràn ni à bá gbé fún wọn.

Ibi tí a ti rí púlì tó yá gágá ni ara bẹ́líìtì. Wọ́n kọ B sára ti Màmá. Bẹ́líìtì B fẹ̀ ní 17 lókè, ó ga ní 11, igun láàárín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì jẹ́ digírí 40. Mo rò pé yàrà náà á jẹ́ 40, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí bẹ́líìtì bá ká mọ́ púlì, apá rẹ̀ ti inú á fún pọ̀, á wú, igun rẹ̀ á sì kéré sí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gé yàrà ní 34 lára púlì kékeré, níbi tó ti ń ká jù, àti 38 lára èyí tó tóbi bíi tèmi. Mo wá pa àwòrán àkọ́kọ́ rẹ́ níbi yàrà. Ẹnu rẹ̀ di 16.4, jíjìn rẹ̀ di 15, mo fi igun 19 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé ìsàlẹ̀ á fẹ̀ ní mìlímítà mẹ́fà àti díẹ̀.

Sísọ ọ́ di ohun tí a lè yí wò lójú kọ̀ǹpútà ló kù. Àṣẹ REVOLVE ni: a ó ya ìlà tó yí ara púlì po lápá òkè, a ó sì yí i ká ìlà àárín ní 360. Tèmi kọ̀, ó ń fún mi ní èèpo lásán tí inú rẹ̀ ṣófo. Odidi wákàtí kan ni mo fi wá a. Ní igun kan lábẹ́ etí púlì, ìlà méjì kò fara kan ara wọn. Àlàfo náà kéré débi pé ojú kò rí i, àfìgbà tí mo sún un mọ́ra gidigidi. Mo ti pa F3 níbì kan láìmọ̀. Mo so wọ́n pọ̀, mo fi JOIN sọ gbogbo rẹ̀ di ìlà kan ṣoṣo, REVOLVE sì dáhùn lójú ẹsẹ̀. (Ẹni tí kò bá ní AutoCAD lè fi FreeCAD, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣe gbogbo èyí. Bí a ṣe ń ti ìlà pa níbẹ̀ náà nìyẹn.)

Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé A3 ní àdúgbò Under G. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ kò dáa: mo gbé rúlà lé e, 200 ti di 188, torí mo fi Fit to paper sílẹ̀, èyí tó ń fún àwòrán kó lè wọ ìwé. Mo yọ ọ́, mo fi 1:1 sí i, ó bọ́ sí i.

Mo gba máàkì iṣẹ́ náà, mo sì lè dúró síbẹ̀. Àmọ́ Màmá ti bèèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé wọ́n lè fi ìwé yẹn ṣe púlì. Mo gbé e lọ bá Bàbá kan tó ń fi léètì gé irin nítòsí Takie. Wọ́n tẹ́ ìwé sórí tábìlì, wọ́n fi ìka tẹ̀ lé e láti ìwọ̀n dé ìwọ̀n láìsọ nǹkan kan.

“Ínjíníà, ihò 25, mo rí i. Ojú kíì 8 ní fífẹ̀, mo rí i. Jíjìn rẹ̀ ńkọ́?”

Ojú kíì ni yàrà kékeré inú ihò, níbi tí kíì, irin tó ń so púlì mọ́ ọ̀pá, ń wọ̀. Mo wo ìwé. Jíjìn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Mo yà á o, ó wà nínú àwòrán bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n mi ò kọ nọ́ńbà sí i. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi rúlà wọ̀n ọ́n lórí ìwé, torí 1:1 ni. Bàbá náà mi orí. “Mi ò kí ń wọn ìwé. Ohun tí o bá kọ ni mo máa gé.”

Mo padà sílé. Ọ̀pá 25 ń lo kíì tó fẹ̀ ní 8, tó sì ga ní 7. Mìlímítà 4 rẹ̀ á wọnú ọ̀pá, a ó sì gbẹ́ 3.3 sínú púlì fún ìyókù. Àmọ́ a kì í kọ 3.3 yẹn sórí ìwé, torí ibi tí à bá ti bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀n ọ́n ni a ti gé kúrò, kálípà kò ní rí nǹkan dúró lé. Láti ìsàlẹ̀ ihò dé òrùlé ojú kíì ni a ń kọ: 28.3. Mo kọ ọ́. Mo tún fi H7 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 25, èyí tó túmọ̀ sí pé ihò náà kò gbọdọ̀ kéré sí 25, kò sì gbọdọ̀ ju 25.021 lọ. Nígbà tí Bàbá rí H7 yẹn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ká ìwé náà, wọ́n fi í sápò.

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e la de púlì tuntun mọ́ ọ̀pá. Mo wo bẹ́líìtì kí wọ́n tó ṣáná sí ẹ́ńjìnnì: ẹ̀yìn rẹ̀ yọ díẹ̀ lókè etí púlì, àlàfo sì wà lábẹ́ rẹ̀ nínú yàrà. Màmá da odidi agbọ̀n pákí sí i lẹ́ẹ̀kan náà, àgbá ò dúró. Wọ́n tún da òmíràn sí i. Nígbà tí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wo púlì kékeré tó wà lára ẹ́ńjìnnì fúnra wọn, wọ́n fi ìka nu inú yàrà rẹ̀.

“Ọmọ mi, wá wo tibí. Òun náà ti ń dán nísàlẹ̀.”

Mo ti ṣí fáìlì tuntun fún un. Kékeré ni, 34 ni igun tirẹ̀.