Bí ẹ ṣe lè ka ìwé tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní lymphoma

Ẹ̀yin tẹ́ẹ̀ ń gbé èèyàn yín láti Ọ̀fà, Ọmù-Àrán tàbí Àjàṣẹ́ wá sí UITH (ọsibítù ńlá ti yunifásítì) n'Ílọrin torí lymphoma, jẹjẹrẹ tó máa ń wú kókó sọ́rùn tàbí abíyá yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ju ìwé FBC (tẹ́ẹ̀sì tó ń ka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀) àkọ́kọ́ nù o. Èyí tí wọ́n ṣe kí kémò (oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ) tó bẹ̀rẹ̀ ni mò ń sọ, torí kémò fúnra ẹ̀ máa ń já sẹ́ẹ̀lì funfun wálẹ̀, prednisolone, oògùn steroid, náà máa ń lé neutrophils sókè táá sì fa lymphocytes wálẹ̀ (oríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun ni méjèèjì), ẹni bá fi ìwé ẹ̀yìn kémò ṣèdájọ́ kàn máa da ọkàn ara ẹ̀ rú ni.

Ẹ wo WBC (iye gbogbo sẹ́ẹ̀lì funfun), ẹ wo lymphocytes. Tó bá jẹ́ pásẹ́ńtì nìkan ni láàbù kọ, ẹ sọ WBC di ìlọ́po pásẹ́ńtì yẹn, kẹ́ẹ fi 100 pín in. Ká ní WBC jẹ́ 6.2 (àwọn láàbù míì á kọ ọ́ ní 6,200), lymphocytes 15%, 0.93 lẹ máa rí. Monocytes, oríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun míì, tó bá jẹ́ 10%, á jẹ́ 0.62. Ẹ fi 0.62 pín 0.93, ó di 1.5.

Kí la fẹ́ fi ṣe? Lymphocytes, pàápàá àwọn oríṣi ẹ̀ tó ń jẹ́ T cells àti NK cells, ló ń bá jẹjẹrẹ jà, kódà NK cells wà lára ohun tí rituximab, oògùn lymphoma kan, fi ń ṣiṣẹ́. Monocytes ní tiẹ̀, tó bá wọnú kókó yẹn ó lè di sẹ́ẹ̀lì míì tó ń jẹ́ macrophages táá máa ran jẹjẹrẹ lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tí lymphocytes ẹ̀ kéré tí monocytes ẹ̀ pọ̀, ìyẹn ẹni tí nọ́ńbà tá a pín yẹn kéré, àìsàn ẹ̀ sáábà máa ń le jù. Ti Hodgkin, oríṣi lymphoma kan, òṣùwọ̀n bí àìsàn ṣe le tó tí wọ́n gbé jáde ní 1998 ní nǹkan méje, lymphocytes tí ò tó 0.6 tàbí 8% wà níbẹ̀, WBC tó bá tó 15 náà wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má torí nọ́ńbà kan kó jìnnìjìnnì bá màmá! HIV lè já lymphocytes wálẹ̀, ibà lè yí i padà, tó bá sì pọ̀ jù, ó lè jẹ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà ló bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ ya ìwé náà sí fóònù, ẹ kọ oògùn àti àgbo tí wọ́n ń lò lọ́jọ́ náà sí i, kẹ́ẹ bi dókítà pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, lymphocytes màmá wa ṣáájú kémò, ṣé ó kéré? Tẹ́ẹ bá fi kún stage àti LDH wọn, kí lẹ rí?" Stage ni ibi tí àìsàn náà tàn dé, LDH sì jẹ́ tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ míì.