Tí Vim Bá Ń Ṣe Ségesège: Bí A Ṣe Ń Tọpinpin Rẹ̀, Àti Bí A Ṣe Ń Bèèrè Ìrànlọ́wọ́

Bọ́tìnnì tó ṣiṣẹ́ lánàá kò dáhùn mọ́, àwọ̀ tó wà lára ọ̀rọ̀ ti pòórá, tàbí kí Vim, ètò tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kàn dákẹ́ síbẹ̀ bí ẹni tó sùn lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n ṣí vimrc wọn, ìyẹn fáìlì ètò tí Vim ń kà nígbà tó bá ń dìde, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìlà rẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó yí nǹkan mẹ́ta padà pọ̀ kò ní mọ èyí tó wo àìsàn náà, kò sì ní mọ èyí tó máa bí òmíràn lọ́la.

Ohun mẹ́rin la lè fura sí: Vim fúnra rẹ̀, vimrc yín, plugin (àfikún) tí ẹ gbé wọlé, àti terminal (fèrèsé tí a ń kọ àṣẹ sí) tí Vim ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó jẹ̀bi. Vim fúnra rẹ̀ kì í sábà jẹ̀bi.

Ẹ fi Vim tí kò ru ẹrù kankan wò ó

Ẹ jáde, kí ẹ tún fáìlì kan náà ṣí báyìí:

`vim --clean iwe.txt`

Vim tó bá dìde lọ́nà yìí kò ka vimrc yín, kò gbé plugin yín, kò sì fọwọ́ kan viminfo, fáìlì tó ń rántí ohun tí ẹ ṣe sẹ́yìn. Tí ìṣòro náà bá ṣì wà, ó kù sọ́wọ́ Vim tàbí terminal. Tí ó bá lọ, vimrc tàbí plugin ló ni ẹjọ́. Láti ya àwọn méjì yìí sọ́tọ̀, ẹ lo `vim --noplugin`, tó ń ka vimrc ṣùgbọ́n tí kì í gbé plugin. Ẹ lè yí i padà pẹ̀lú `vim -N -u NORC`, tó ń fo vimrc ṣùgbọ́n tó ń gbé plugin. Ẹ má gbàgbé `-N` níbẹ̀, torí `-u NORC` nìkan máa ń dá Vim padà sí ìwà vi àtijọ́, ìyẹn á sì fi ìṣòro tuntun bo èyí tí ẹ ń wá. Ó tún ku ohun kan tó máa ń tan èèyàn jẹ: tó bá jẹ́ pé inú vimrc ni ẹ ti ń pe ohun tó ń bá yín kó plugin jọ, `-u NORC` kò ní gbé àwọn plugin yẹn rárá. `--noplugin` ni kí ẹ gbára lé nígbà yẹn.

Ká ní vimrc ló jẹ̀bi, tó sì jẹ́ 200 ìlà. Ẹ má kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, `finish`, sí ìlà 100, kí ẹ sì tún Vim ṣí. Vim kò ní ka ohunkóhun tó wà lẹ́yìn ìlà yẹn. Tí ìṣòro bá lọ, ìdajì ìsàlẹ̀ ló wà. Ẹ gbé `finish` lọ sí ìlà 150. Tí kò bá lọ, ẹ gbé e gòkè sí 50. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó máa dá a sí méjì, ìgbà mẹ́jọ ó pẹ́ tán, ẹ ó bá ìlà náà. Àmọ́ ẹ má ṣe fi `finish` sáàárín `function` tàbí `if`: Vim lè má ṣe é níbẹ̀, èsì á sì tàn yín jẹ.

Ta ló yí i padà?

Ìgbà míì, ẹ ti mọ ohun tó yí padà, ẹ kò kàn mọ ẹni tó yí i. Fún àpẹẹrẹ, ẹ fi 4 sí `shiftwidth` (iye àlàfo tí Vim fi ń sún ìlà wọlé), Vim sì ń lo 8. Ẹ kọ:

`:verbose set shiftwidth?`

Vim á sọ iye tó wà níbẹ̀, yóò sì fi orúkọ fáìlì àti nọ́ńbà ìlà tó fi í síbẹ̀ kẹ́yìn hàn. Ftplugin tó ń bá irú fáìlì kọ̀ọ̀kan rìn ló sábà máa ń jẹ́. Ìdí nìyí tí ìlà tó wà nínú vimrc yín fi dà bí ohun tí kò ṣiṣẹ́: ó ṣiṣẹ́, wọ́n tún kọ òmíràn lé e lórí ni. Tí Vim bá sì dárúkọ modeline, inú fáìlì tí ẹ ṣí gan-an ni àṣẹ náà wà. Ti bọ́tìnnì náà rí bẹ́ẹ̀: `:verbose imap <Tab>` á sọ plugin tó gba Tab mọ́ yín lọ́wọ́. `:scriptnames` á to gbogbo fáìlì tí Vim ti kà bí ó ṣe kà wọ́n tẹ̀ léra. Àṣìṣe tó sì kọjá kí ojú yín tó kà á, `:messages` á mú un padà.

Ọ̀rọ̀ àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ẹ má fi ojú fo ó, nọ́ńbà yẹn ló ń ṣílẹ̀kùn ìwé ìrànwọ́: `:help E212` á ṣàlàyé ìdí tí Vim kò fi rí fáìlì kọ. Ẹ̀tọ́ láti kọ ni ẹ kò ní, tàbí fódà tí ẹ dárúkọ kò sí. E319 ní tirẹ̀ ń sọ pé ẹ̀dà Vim tí ẹ ń lò kéré ju àṣẹ náà lọ. Lórí Debian àti Ubuntu, ẹ̀dà kékeré tó ń jẹ́ vim.tiny ni wọ́n máa ń fi sórí ẹ̀rọ kí ẹ tó kó Vim gidi wá. `vim --version` á sọ èyí tó jẹ́. Ibẹ̀ náà lẹ ó ti rí i bóyá `+clipboard` ni tàbí `-clipboard`; tó bá jẹ́ èkejì, kò sí ohun tí ẹ lè kọ sí vimrc tí `"+y`, tó ń da ọ̀rọ̀ kọ sí clipboard ẹ̀rọ, yóò fi ṣiṣẹ́. Ẹ kó ẹ̀dà míì wá, bíi vim-gtk3.

Èyí tó ń rú ẹni tuntun lójú jù: Vim ń fi àwọ̀ hàn dáadáa, ẹ dá vimrc sílẹ̀, ẹ kọ ìlà kan sí i, gbogbo àwọ̀ bá lọ. Ẹ kò ba nǹkan kan jẹ́. Láti Vim 8.0, tí kò bá sí vimrc, Vim máa ń ka defaults.vim fún yín. Gbàrà tí vimrc bá dé, kò kà á mọ́. Ẹ kọ èyí sí orí vimrc yín:

`source $VIMRUNTIME/defaults.vim`

Tí terminal bá ló jẹ̀bi

Tí Vim bá dákẹ́ pátá, pàápàá Vim tó ṣáájú 9.0, ẹ kọ́kọ́ rántí bóyá ẹ tẹ Ctrl-S. Nínú ọ̀pọ̀ terminal, bọ́tìnnì yẹn ń sọ pé kí ìfihàn dúró. Ctrl-Q ló ń sọ pé kó máa lọ. Ẹ má máa tẹ bọ́tìnnì kíkankíkan nígbà tó dákẹ́, torí gbogbo ohun tí ẹ tẹ ló ń tò sílé, wọn á sì ṣẹ lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn Ctrl-Q. Láti pa á tì, ẹ kọ `stty -ixon` sí fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ shell yín, ètò tó ń gba àṣẹ nínú terminal. Tó bá jẹ́ pé ẹ rí ara yín nínú shell lójijì, Ctrl-Z lẹ tẹ̀; `fg` á dá yín padà sínú Vim láìsí ọ̀rọ̀ kan tó sọnù.

Esc tó ń pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdúró. Bọ́tìnnì ọfà náà ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì Esc, nítorí náà Vim ń dúró wò bóyá nǹkan míì ń bọ̀. `set ttimeout ttimeoutlen=50` á dín in kù sí ìdá ogún ìṣẹ́jú àáyá. Tó bá jẹ́ pé inú tmux (ètò tó ń pín terminal kan sí púpọ̀) lẹ wà, ẹ fi `set -sg escape-time 10` kún fáìlì ètò tmux, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ tmux lè máa dúró dípò Vim.

E325: fáìlì swap

Èyí ni kí ẹ fara balẹ̀ sí, torí iṣẹ́ lè ṣòfò níbẹ̀. Bí ẹ bá ń kọ iwe.txt, Vim ń tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ yín sínú .iwe.txt.swp. Ó ń kọ ọ́ lẹ́yìn 200 àmì, tàbí nígbà tí ẹ bá dáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Tí iná bá lọ, ohun tí ẹ máa pàdánù kò ju èyí lọ. Nígbà tí ẹ bá padà ṣí fáìlì náà, Vim á kígbe E325, ọ̀pọ̀ èèyàn á sì tẹ D láìkà á.

Ẹ kà á. Tí ẹ bá rí STILL RUNNING lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà process, fáìlì náà ṣì wà ní ṣíṣí níbòmíràn: ẹ tẹ Q, kí ẹ lọ wá fèrèsé yẹn. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ tẹ R. Lẹ́yìn náà ẹ má fi `:w` kọ lé ògbólógbòó fáìlì lórí. Ẹ kọ ọ́ sí orúkọ míì, `:w iwe-tuntun.txt`, ẹ jáde, kí ẹ fi `vim -d iwe.txt iwe-tuntun.txt` wo méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìgbà tí ẹ bá rí i pé gbogbo rẹ̀ pé ni kí ẹ tó pa .iwe.txt.swp rẹ́. Tí ẹ kò bá pa á rẹ́, E325 á máa padà wá.

Lẹ́tà tó ní àmì

Tí ẹ bá rí `Ã©` níbi tó yẹ kí é wà, Vim ti ka fáìlì UTF-8 bíi latin1 (ọ̀nà méjì tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú lẹ́tà ni wọ́n). Báìtì kan ṣoṣo tó bàjẹ́ nínú fáìlì ti tó fún un láti ṣe bẹ́ẹ̀ sí gbogbo rẹ̀. Ìgbésẹ̀ tó burú jù nígbà yẹn ni `:set fileencoding=utf-8` kí ẹ sì fi pamọ́: ìyẹn á sọ àṣìṣe tó wà lójú nìkan di ohun tó wà nínú fáìlì. Ẹ tẹ `gg`, lẹ́yìn náà `8g8`. Cursor á fò lọ síbi báìtì tó bàjẹ́. Ẹ pa á rẹ́, ẹ kọ `:w`, kí ẹ wá tún un kà pẹ̀lú `:e ++enc=utf-8`.

Àwa tí à ń kọ Yorùbá ní tiwa níbẹ̀. Ẹ gbé cursor sórí ẹ́, ẹ tẹ `g8`: ẹ ó rí `e1 ba b9 + cc 81`, ìyẹn lẹ́tà ẹ àti àmì ohùn tó gùn ún. Tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `65`, ọ̀nà míì ni wọ́n gbà tẹ̀ ẹ́: e lásán ni, àmì ìsàlẹ̀ àti ti òkè sì wà lọ́tọ̀. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n. Nínú wíwá, wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ìdí nìyí tí `/` fi lè sọ pé òun kò rí ọ̀rọ̀ tó wà níwájú yín. Tó bá jẹ́ pé àmì ohùn nìkan ni kò dá yín lójú, ẹ fi `\Z` sí i: `/ilẹ\Z` á rí ilẹ̀, á sì rí ilẹ́ pẹ̀lú.

Tí ẹ bá fẹ́ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó

Gbogbo iṣẹ́ tí a ti ṣe bọ̀ yìí náà ló ń sọ ìbéèrè di ohun tí ẹnì kan lè dáhùn. Àwọn tó ń dáhùn nínú ẹgbẹ́ ímeèlì àwọn tó ń lo Vim ń fi àkókò ara wọn ṣe é, lọ́fẹ̀ẹ́, wọn kò sì rí ojú kọ̀ǹpútà yín.

Kí àkọlé ímeèlì sọ ọ̀rọ̀ gan-an. «Vim kò ṣiṣẹ́» kò sọ nǹkan kan, «Vim 9.1: Tab ń kọ àlàfo 8 nínú fáìlì Python» ti sọ ìdajì rẹ̀. Nínú rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti `vim --clean`, kí ẹ ka ohun tí ẹ tẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohun tí ẹ retí, àti ohun tí ẹ rí. Tí ìṣòro náà kò bá yọjú lábẹ́ `--clean`, ẹ fi kìkì ìlà vimrc tó ń fà á ránṣẹ́, ẹ má kó gbogbo vimrc lé èèyàn lórí. Ẹ fi àwọn ìlà tó ṣáájú nínú `:version` kún un, títí dé ibi tí ó ti ka àwọn patch (àtúnṣe kéékèèké), torí ohun tó bàjẹ́ ní patch kan lè ti gbádùn ní èkejì. Ẹ fi orúkọ terminal àti èsì `:echo &term` sí i, kí ẹ sì sọ bóyá inú tmux lẹ wà.

Ẹ má fi àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ dípò ọ̀rọ̀ àṣìṣe. Kò sẹ́ni tó lè da àwòrán kọ sínú Vim tirẹ̀. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà sínú fáìlì báyìí:

`:redir! > iroyin.txt`
`:messages`
`:redir END`

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ aṣínà tàbí orúkọ fódà tí kò yẹ kí ayé rí wà níbẹ̀. Ẹ sì lo ọ̀rọ̀ lásán tí kò ní ọ̀ṣọ́, nítorí ímeèlì tó ní ọ̀ṣọ́ máa ń ba àlàfo tó wà níwájú ìlà jẹ́, àlàfo yẹn gan-an sì lè jẹ́ ohun tí ẹ ń bèèrè.

Ọ̀rọ̀ tuntun, ímeèlì tuntun. Ẹ má ṣí ímeèlì àtijọ́ kí ẹ yí àkọlé rẹ̀ padà: àmì tó fara pa mọ́ lórí rẹ̀, In-Reply-To, á ṣì so ó mọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, ìbéèrè yín á sì sọnù síbẹ̀. Tí ẹ bá ń fèsì, ẹ fi ìlà tí ẹ ń dá lóhùn nìkan sílẹ̀, ẹ gé ìyókù, kí ẹ sì kọ èsì yín sábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ ni kí ẹ fèsì sí, kì í ṣe ẹnì kan ní kọ̀rọ̀.

Ẹni tó ń dáhùn náà ní ojúṣe. «Lọ ka ìwé ìrànwọ́» kì í ṣe ìdáhùn, torí ìwé náà gùn bí ọ̀nà ọjọ́ méje. Ẹ dárúkọ ibi tó wà, bíi `:help 'fileencodings'`, pẹ̀lú àmì àyọlò (') tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, torí àwọn ló ń sọ pé option ni ẹ ń wá. Tó bá sì jẹ́ pé plugin ló jẹ̀bi, ẹni tó kọ plugin náà ni kí ẹ darí ọ̀rọ̀ sí.

Tí ẹ bá fúnra yín rí ojútùú kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ìbéèrè yín, kí ẹ sì da ìlà tí ẹ yí padà gan-an sínú rẹ̀.