Síìlì Mẹ́ta Ni Mo Rà Kí Ògbólógbòó Ẹ̀rọ Ìfọ-abọ́ Mi Tó Yé Jò

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Síìlì pọ́ǹpù (ohun tó ń dí ìdí pọ́ǹpù kí omi má bàa jò) mẹ́ta ni mo rà fún ẹ̀rọ ìfọ-abọ́ kan ṣoṣo, owó tí mo ná lórí wọn sì ju owó tí mo fi ra ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ lọ. Èyí tó dùn mí jù ni pé síìlì àkọ́kọ́ kò ní àléébù kankan. Ibòmíràn ni omi ń gbà jáde, kò sì sí ẹnì kan nínú àwọn tí mo bi léèrè tó ní kí n wo ibẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá padà sọ́dọ̀ ẹni tó ta síìlì fún mi, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ: "Ẹ ra òmíràn, bóyá ti tẹ́lẹ̀ yẹn ló bàjẹ́." Mo rà á. Ó tún jò.

Ẹ̀rọ náà ti lé ní 40 ọdún. Irú èyí tó wúwo bí àpáta ni, irin tó nípọn, ẹ̀námẹ́ẹ̀lì funfun nínú, bọ́tìnnì ńlá kan tí à ń fọwọ́ yí níwájú. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú rẹ̀. Mọ́tò kékeré kan ló ń yí àwọn àwo ike pẹlẹbẹ inú táímà (ohun tó ń ka àkókò iṣẹ́ ẹ̀rọ) díẹ̀díẹ̀, ibi tó bá yọ gọnbu lára wọn ló ń tẹ súwíìṣì: omi á wọlé, pọ́ǹpù á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọṣẹ á dà sílẹ̀, omi ìdọ̀tí á jáde. Tí ẹ bá ṣí táímà yẹn, ẹ ó fi ojú yín rí gbogbo ohun tí ẹ̀rọ náà mọ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Ọdún 1886 ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Josephine Cochrane gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ ìfọ-abọ́ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ohun tó rò nígbà yẹn, pé kí wọ́n to abọ́ sínú agbọ̀n wáyà kí omi ọlọ́ṣẹ tó gbóná máa tú lù wọ́n, òun náà ni tèmi ń ṣe títí dòní.

Títú u palẹ̀, fífọ inú rẹ̀, pípààrọ̀ rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn, fífi ọ̀dà kun agbọ̀n wáyà tó ti dógùn-ún, mi ò ní fi ìyẹn gba àkókò ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ti tú ẹ̀rọ rí ti mọ̀ ọ́n. Kí ẹ ṣáà ya fọ́tò gbogbo wáyà kí ẹ tó yọ ọ̀kan. Ẹ má sì fọwọ́ kan kàpásítọ̀ mọ́tò (ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́ fún un) tí ẹ kò bá tíì fa iná inú rẹ̀ tán, torí iná lè ṣì wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná. Irin tó ń mú omi gbóná fẹ́ dà mí láàmú díẹ̀: ìyẹ̀fun tí wọ́n rọ sínú irú irin bẹ́ẹ̀ máa ń fa ọ̀rinrin bí ẹ̀rọ bá pẹ́ láìṣiṣẹ́, iná á wá máa já sára irin. Mo tú u, mo fi í sínú ààrò tó gbóná níwọ̀nba fún wákàtí bíi mélòó kan, mítà tí mo fi ń wọn iná sì fi hàn pé ó ti gbẹ.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ náà, ẹ ò bá rí ojú mi. Apá tó ń tú omi bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ìró omi ń lu ilẹ̀kùn láti inú, táímà ń dún tá-tá-tá bó ṣe yẹ. Abọ́ jáde, ó mọ́ tónítóní. Mo pe gbogbo ará ilé kí wọ́n wá wò ó. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti kó irinṣẹ́ mi, mo sì rí omi tó ń kán sára mọ́tò. Tó. Tó. Tó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí síìlì yìí ń ṣe. Mọ́tò wà nísàlẹ̀, omi wà lókè, ṣáàfù mọ́tò (ọ̀pá irin tí mọ́tò ń yí) sì gbọ́dọ̀ gba inú omi kọjá kó tó lè yí pọ́ǹpù. Síìlì ló ń dí ojú ihò yẹn. Ojú méjì ló ní: ọ̀kan jẹ́ sẹ̀rámíìkì (irú amọ̀ líle tí wọ́n fi iná sun), ó dúró gbọn-in, èkejì jẹ́ kábọ̀n (irú èédú líle kan), ó ń bá ṣáàfù yí. Sípíríǹgì ń ti kábọ̀n mọ́ sẹ̀rámíìkì, àwọn méjèèjì sì dán débi pé omi kò rí àárín wọn gbà. Rọ́bà kan tó fún mọ́ ṣáàfù ló gbé kábọ̀n náà dúró.

Nítorí náà, nígbà tí omi ń kán, ojú méjì yẹn ni mo fura sí. Mo yọ síìlì àkọ́kọ́, mo fi èkejì sí i, mo sì tan pọ́ǹpù láìsí omi kí n lè gbọ́ bóyá ó ń dún dáadáa. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Omi inú ẹ̀rọ ló ń tu síìlì lára. Bí kò bá sí omi, ojú méjì yẹn á máa jó ara wọn. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ojú síìlì tuntun ti ha. Mo ra ẹ̀kẹta. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fi aṣọ mímọ́ mú un kí ọ̀rá ìka mi má bàa kan ojú rẹ̀, mo tò ó bó ṣe tọ́, mo bu omi sí i kí n tó tan án. Ó jò. Mo fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò fẹ́ rí i sójú.

Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo gbé mọ́tò sórí tábìlì, mo gbé e dúró kí ṣáàfù kọjú sókè, síìlì lórí rẹ̀, mo sì bu omi tí mo po àwọ̀ pupa mọ́ sínú ìdí pọ́ǹpù. Mi ò tan iná kankan. Mo lọ sùn. Láàárọ̀, ìlà pupa tín-ín-rín kan ti ṣàn wálẹ̀ lára ṣáàfù, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ibi tí kábọ̀n àti sẹ̀rámíìkì ti pàdé gbẹ táútáú. Mo fa síìlì yọ. Inú rọ́bà pupa. Lára ṣáàfù, níbi tí rọ́bà yẹn máa ń jókòó lé, mo rí àwọn àmì pupa kéékèèké bí ojú abẹ́rẹ́. Mo fi èékánná wọ́ ibẹ̀, ó ń kọ́ mi lọ́wọ́.

Ìpẹtà ló ti jẹ irin náà. Omi ti wà nídìí ẹ̀rọ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún tí ẹnikẹ́ni kò lò ó, irin sì ń jẹrà lábẹ́ rọ́bà àtijọ́ níbi tí ojú kò tó. Abẹ́ rọ́bà ni omi ń gbà kọjá. Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà kò gba ibẹ̀. Mo lọ mú síìlì àkọ́kọ́ wá láti inú àpótí, mo wo kábọ̀n rẹ̀ lábẹ́ iná: ó ń dán yíká, kò ha níbì kankan. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mo kà sí i lọ́rùn.

Mo fi téèpù dí ẹnu mọ́tò kí yanrìn má bàa wọ inú bíárìn tó gbé ṣáàfù dúró. Mo gé sáńpépà nọ́ńbà 400 tẹ́ẹ́rẹ́ (bí nọ́ńbà bá ṣe ga ni yanrìn rẹ̀ ṣe kúnná), mo fi yí ṣáàfù po, mo ń fà á síwá sẹ́yìn, lẹ́yìn náà 600, lẹ́yìn náà 1000 pẹ̀lú omi. Ihò mẹ́rin ṣì kù tó jìn. Mo fi gọ́ọ̀mù irin dí wọn, irú èyí tí wọ́n máa ń po méjì pọ̀, mo fún un ní wákàtí 24, mo tún fá a títí èékánná mi fi ń yọ̀ kọjá lórí rẹ̀ láìkọ́. Omi ọṣẹ ni mo fi ti rọ́bà síìlì wọlé, kì í ṣe gíríìsì, torí gíríìsì lè mú rọ́bà wú. Kò gbà ju ọ̀sán kan lọ yàtọ̀ sí ìdúró gọ́ọ̀mù. Ká ní mo ti fi èékánná wọ́ ṣáàfù yẹn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tú u, síìlì kan ì bá tó mi.

Ìbínú kékeré kan tún kù. Ìgbà tí fọ́sífétì, èròjà ọṣẹ tó ní fọ́sífọ́rọ́sì nínú, pọ̀ nínú ọṣẹ ni wọ́n ṣe irú ẹ̀rọ yìí. Láti oṣù kìíní ọdún 2017, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò gbà ju gíráàmù 0.3 fọ́sífọ́rọ́sì lọ nínú ọṣẹ ìfọ-abọ́ tí à ń lò fún ìfọ̀ ẹ̀ẹ̀kan, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà sì ti dín in kù ṣáájú ìyẹn. Odò ló jàǹfààní, mi ò bá wọn jà, àmọ́ ìkúukùu funfun máa ń kù lára ife mi. Oògùn ìṣan-abọ́ tí wọ́n ń dà sínú omi ìkẹyìn àti omi tó ti gbóná tó 55°C kó tó wọlé ló mú un rọlẹ̀.

Mo tẹ́ bébà funfun sábẹ́ mọ́tò lọ́jọ́ tí mo dá a padà. Àràárọ̀ ni mo ń bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó di oṣù kẹta báyìí, eruku nìkan ló wà lórí rẹ̀.