Bí a ṣe ń tọ́jú enamel kí sealant má baà jò

Bí sealant, ìyẹn ohun tí a fi ń dí kòtò orí eyín kó má baà jẹrà, bá ń jò, ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti pàdé enamel, ìyẹn awọ líle tó bo eyín, ni ẹ ti máa kọ́kọ́ wò. Resin, ìyẹn oje tí a fi ṣe sealant, máa ń súnkì bó ṣe ń gan. Bí kò bá rí enamel dì mú dáadáa, á ya kúrò lára eyín, itọ́ àti kòkòrò á gba àlàfo náà wọlé, eyín á sì máa jẹrà lábẹ́lẹ̀ láìsí ẹni tó fura.

Eyín ẹ̀yìn tó ń hù ní nǹkan bí ọdún 6 àti ọdún 12 la sábà ń ṣe é fún, torí kòtò orí wọn jìn, ó sì há. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó ń yí àti omi fọ̀ ọ́, tàbí kí ẹ fi omi po ẹ̀tù òkúta pumice. Ẹ má lo ohun ìfọyín tó ní òróró, torí ọ̀rá rẹ̀ kì í jẹ́ kí ásíìdì, tó ń ṣí ihò kéékèèké sára enamel kí sealant lè dì í mú, ráyè kàn án. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ṣóńṣó probe (irin tín-ínrín tí a fi ń yẹ eyín wò) rọra tú ìdọ̀tí inú kòtò, kí ẹ sì fi omi ṣàn án dáadáa, torí pumice tó bá há síbẹ̀ á dínà mọ́ sealant.

Àwọn kan máa ń fẹ́ gbẹ́ kòtò náà fẹ̀ kí wọ́n tó dí i. Lójú tiwa, ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹ bá fura sí ibi tó dúdú. Enamel tó dá ṣáká tí ẹ bá gbẹ́ kúrò kò ní hù mọ́, bí sealant bá sì já, ojú ibẹ̀ ti ṣí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Fífẹ́ ẹ̀tù alumina sí i tàbí lílo lésà kò rọ́pò ásíìdì: ẹni tó bá dá wọn lò láìfi ásíìdì kún un ń ṣí ọ̀nà fún jíjò ni.

Ní 1955, phosphoric acid 85% ni Michael Buonocore, oníṣègùn eyín tó dá ọgbọ́n fífi ásíìdì kan enamel sílẹ̀, lò. Lónìí, gel 35% sí 37% ti tó, fún ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 30. Ẹ fi kan inú kòtò àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kọjá ibi tí sealant máa dé, torí ibi tí sealant bá tẹ́ lé enamel tí ásíìdì kò kàn, ibẹ̀ ló ti máa kọ́kọ́ ṣí. Ẹ ṣàn án fún ìṣẹ́jú àáyá 15 ó kéré tán, kí ẹ fi atẹ́gùn gbẹ ẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ atẹ́gùn náà sójú dígí: bí omi tàbí òróró bá hàn, ẹ tún kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ṣe ná. Enamel tó ti ṣe tán máa ń funfun bí ẹfun, kì í dán rárá. Ibi tó bá ṣì ń dán, ẹ tún fi ásíìdì kàn án.

Itọ́ ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Bó bá kan enamel náà fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, ó ti dí àwọn ihò kéékèèké tí ásíìdì ṣí. Kí a kàn fẹ́ atẹ́gùn sí i kò tó: ẹ ṣàn án, ẹ tún fi ásíìdì sí i. Rọ́bà tí a ń ta yí eyín ká ló dáa jù. Bó bá jẹ́ òwú lẹ ní, kí ẹni méjì jọ ṣe é, kí ẹnì kan máa fa itọ́. Níbi tí ẹ bá ti ń bẹ̀rù omi, ẹ fi bonding (oje tó ń so sealant mọ́ eyín) tín-ínrín sí i lẹ́yìn ásíìdì, kí ẹ fẹ́ ẹ tẹ́ kí sealant tó tẹ̀ lé e. Bonding tí wọ́n ní kò nílò ásíìdì kì í wọ inú enamel dáadáa bí a kò bá gbẹ́ ẹ. Eyín tí kò tíì hù tán, tí ẹran ìdí eyín ṣì bò lápá kan, glass ionomer (ohun mìíràn tí a fi ń dí eyín, tí omi díẹ̀ kì í dà láàmú) ni kí ẹ fi dí i fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìkángun kan kòtò, kí ẹ jẹ́ kí sealant ṣàn lọ fúnra rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà há sínú. Ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tó tan iná aláwọ̀ búlúù sí i fún iye ìṣẹ́jú àáyá tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ sára rẹ̀. Ẹ wá fi probe gbìyànjú àtiyọ ọ́. Bó bá ṣí, ẹ padà sídìí ásíìdì. Ní oṣù 6, bí ẹ bá rí ìlà tó pọ́n rúsúrúsú ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ti ń jò nìyẹn: ẹ yọ apá tó ti tú, ẹ yẹ ìdí rẹ̀ wò bóyá ó ti ń jẹrà, kí ẹ tó fi ásíìdì kàn án, kí ẹ sì tún un dí.