Ehoro Yín Kò Ṣàìsàn, Ẹ Yé Ra Oògùn

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan pè mí lóru pé ehoro òun ti ya wèrè, pé ó ń fi ẹnu tu irun àyà ara rẹ̀. Kó tó pè mí, ó ti ra oògùn ara yíyún, ó ti ra ìpara, ó sì ti fi ọṣẹ olóògùn wẹ̀ ẹ́. Mo bi í pé ìgbà wo ló gbé e lọ bá akọ. Ó ní ó tó oṣù kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ mẹ́fà ti wà nílẹ̀.

Ibùsùn ọmọ ló ń tẹ́. Oyún ehoro sábà máa ń tó bí ọjọ́ 31. Bí ọjọ́ ìbí bá kù sí dẹ̀dẹ̀, irun àyà àti ti ikùn á dẹ̀ kó lè rọrùn láti fà tu. Ìhòòhò ni wọ́n ń bí ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ á sì dì pa. Irun ìyá ni aṣọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi ni mo ṣe ń kọ ọ́. Gbogbo ehoro tí à ń sìn, ìran ehoro igbó ilẹ̀ Spéìn, Pọ́túgàl àti gúúsù ilẹ̀ Faransé ni wọ́n, ẹran tó ń gbẹ́ ihò gbé, tí gbogbo ajẹran ń lé kiri. Inú kéèjì ló wà lónìí o, ṣùgbọ́n ìwà inú ihò ló ń hù.

Àṣìṣe kìíní: ẹ̀ ń wẹ̀ wọ́n. Ẹran tó ń fi ahọ́n tún ara rẹ̀ ṣe láti àárọ̀ dalẹ́ kò bẹ̀ yín lọ́ṣẹ.

Èkejì: ẹ rí i tó tẹrí ba tó ń jẹ ohun tó ń jáde nídìí rẹ̀, ẹ sáré lọ ra oògùn aràn. Oríṣi ìgbẹ́ méjì ni ehoro ń yà. Ọ̀kan gbẹ, ó rí roboto, òun lẹ̀ ń gbá dànù. Èkejì rọ̀, ó ń dán, ó so mọ́ra bí ṣírí àjàrà kékeré, òun ló ń jẹ. Ehoro kì í jẹ àpọ̀jẹ bíi màlúù, nítorí náà ó ń rán koríko gba inú lẹ́ẹ̀mejì. Nínú igbó, èyí ló ń jẹ́ kó lè yára jẹko níta, kó sá wọ ihò, kó lọ parí oúnjẹ níbi tí ọ̀tá ò ti rí i.

Ẹ̀kẹta ló ń mú orí mi gbóná. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o, ìyá wọn ti kọ̀ wọ́n!” Ó bímọ lánàá, kò jókòó tì wọ́n, kò tiẹ̀ bojú wo ibẹ̀. Ni wọ́n bá ra mílíìkì, ra fídà, ra síríńjì.

Ìyá ehoro kì í jókòó ti ọmọ! Ẹ̀ẹ̀kan ló ń fún wọn lọ́mú lójúmọ́, bó pọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ó ti tán. Ọmọ kò lè sá, ìyá kò lè jà. Bó bá ń wọlé tó ń jáde, òórùn rẹ̀ á júwe ilé fún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Nítorí náà, tó bá ti fún wọn lọ́mú tán, á fi erùpẹ̀ dí ẹnu ihò, á bá tirẹ̀ lọ. Wàrà rẹ̀ ki, ọ̀rá àti purotéènì inú rẹ̀ ju ti màlúù lọ fíìfíì, kí ẹ̀ẹ̀kan yẹn lè gbé ọmọ dọjọ́ kejì.

Èmi tí mò ń bá yín wí yìí náà ti ṣe é rí. Ọmọ méje ni ehoro mi àkọ́kọ́ bí. Mo ṣọ́ ọ tọ̀sán-tọ̀sán, kò yọjú sí wọn. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kán wàrà màlúù sí wọn lẹ́nu, mo gbé wọn sàyà bí abiyamọ. Mẹ́rin kú, wàrà ti gba ọ̀nà òdì wọ ẹ̀dọ̀fóró. Àgbà tó ta ìyá wọn fún mi ní kí n gbé síríńjì sílẹ̀, kí n lọ fara pamọ́ lóru. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá bẹ́ sínú àpótí, ó dúró gbagidi lórí wọn, kò tiẹ̀ dùbúlẹ̀. Àwọn ọmọ dojú sókè, wọ́n ń mu. Kí n tó nà tán, ó ti bẹ́ jáde. Mo gbé ọ̀kan: ikùn rẹ̀ yó bámú, awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé wàrà funfun ń hàn nínú rẹ̀.

Ikùn ọmọ ni kẹ́ ẹ máa wò, ẹ fi ìyá sílẹ̀. Bí ikùn bá hun jọ, tí ara sì tutù, ẹ lè wá pè mí.

Mélòó la ti kà ná? Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Etí ńlá yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ehoro kì í làágùn bí èèyàn. Ẹ̀jẹ̀ tó ń gba etí kọjá ló ń gbé ooru jáde. Ibòji ni kẹ́ ẹ gbé kéèjì sí, kẹ́ ẹ fi ìgò omi dídì kan sí i kó máa fara tì.

Eyín rẹ̀ kì í dẹ́kun àtigùn, koríko ló ń rẹ́ ẹ. Ẹ máà fún un ní oúnjẹ oníhóró nìkan.

Ehoro kì í sábà ké ìrora. Nínú igbó, èyí tó bá ṣe bí aláìlera ni ajẹran ń kọ́kọ́ mú, nítorí náà á máa díbọ́n. Èyí tí kò bá fẹnu kan oúnjẹ láti àárọ̀ di alẹ́, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko kíákíá. Ibẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ ná owó ìpara yẹn sí.

Ẹ̀yin tó sì ń dá a dùbúlẹ̀ gbalaja, tí ikùn rẹ̀ kọjú sókè, tó dákẹ́ rọ́rọ́, tẹ́ ẹ ní ó ń gbádùn ara rẹ̀: ẹ̀rù ló bà á. Bí ẹni pé ó ti bọ́ sẹ́nu kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló ṣe ń ṣe òkú. Ẹ yé fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.