Ìdánrawò Alùpùpù ní Òṣogbo: Ìbéèrè Àwọn Ẹni Tuntun àti Àwọn Tó Ń Padà Sórí Máṣíìnì

Ìbéèrè: Kò sí pápá eré alùpùpù ní Òṣogbo. Níbo la lè lò, báwo la sì ṣe máa ṣètò rẹ̀ tí kò fi ní di rúdurùdu?

Ẹ má lo títì, kódà bí ọ̀nà Gbọ̀ngán bá dá láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ẹ wá ọgbà tó ní géètì, tí wọ́n da ọ̀dà sí nílẹ̀, bí ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ẹ̀kọ́ tàbí ti gbọ̀ngàn àríyá, kí ẹ sì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Mítà 60 ní gígùn àti 30 ní ìbú ti tó fún gíà kìíní àti ìkejì.

Ilẹ̀ gbígbá ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Yanrìn pupa tí òjò wọ́ wá tàbí tí ọyẹ́ fẹ́ sílẹ̀ kì í hàn dáadáa lórí ọ̀dà tó ti gbó, òun ló sì máa ń mú kí táyà iwájú yọ̀. Ẹ gbá ibi tí wọn yóò ti máa yà àti ibi tí wọn yóò ti máa tẹ bíréèkì. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ tún un gbá, torí táyà fúnra rẹ̀ ń kó yanrìn wọlé láti etí.

Ní ìlú tí pápá eré gidi wà, bí Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, wọ́n sábà máa ń pín àwọn tó wá sí ọ̀wọ́ mẹ́ta, bí ọwọ́ oníkálukú bá ṣe mọ́ ọn sí. Ọ̀wọ́ kan á gùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, á jáde, òmíràn á wọlé. Ètò yẹn ló yẹ kí ẹ mú. Bí ẹ bá pa ẹni tuntun pọ̀ mọ́ ẹni tó ń gùn lójoojúmọ́, ẹ̀yìn ni ẹni tuntun á máa wò dípò iwájú. Nínú oòrùn tiwa, ìṣẹ́jú 15 tó, kí gbogbo rẹ̀ sì parí kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù. Apá kan náà ni kí gbogbo èèyàn máa yí sí. Ẹnì kan á mú àsíá dání: pupa, kí gbogbo èèyàn rọra dúró, òféèfèé, kí wọ́n dín eré kù, kí ẹnikẹ́ni má sì ya ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ó pẹ́ tí mo ti gùn ún kẹ́yìn. Báyìí, bí mo bá dé kọ́nà, máṣíìnì á máa gbé mi lọ síta. Kí ló fà á?

Ojú yín ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ẹ tó pe mẹkáníìkì. Ibi tí ojú bá tẹ̀ mọ́ ni máṣíìnì ń lọ. Ẹni tó bá ń wo gọ́tà, ẹ̀bá gọ́tà ló máa bá ara rẹ̀. Ohun kejì ni pé eré ti pọ̀ jù kí ẹ tó wọ kọ́nà. Ẹ̀rù á wá bà yín láàárín rẹ̀, ẹ ó di bíréèkì iwájú mú. Máṣíìnì tó ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ á fẹ́ dìde nàró, á sì kọjú síta.

Ẹ gbé kóònù mẹ́ta kalẹ̀, tàbí ike tí ẹ rọ yanrìn sí. Àkọ́kọ́ wà níbi tí bíréèkì ti gbọ́dọ̀ parí, ìkejì wà ní inú kọ́nà, ìkẹta wà níbi tí ẹ máa gbà jáde. Kí ẹ tó kan ti àkọ́kọ́, ẹ ti gbọ́dọ̀ parí bíréèkì àti gíà yíyí. Níbẹ̀, ẹ yí àgbọ̀n yín sí kóònù kẹta. Bí ọ̀tún lẹ ń yà, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún rọra ti ọwọ́ máṣíìnì apá ọ̀tún síwájú. Á tẹ̀ sí ọ̀tún fúnra rẹ̀. Ó ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí eré bá ti kọjá nǹkan bíi kílómítà 20 ní wákàtí, bí alùpùpù ṣe ń yà nìyẹn. Ẹ wá fún un níná díẹ̀, kó dúró bákan náà títí ẹ ó fi jáde.

Ẹ jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ yín rọ̀, kí ẹ sì fi orúnkún di táǹkì mú. Bí apá bá le gbagidi, ọwọ́ òsì á máa ba iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tún jẹ́.

Ìbéèrè: Wọ́n ní ká má fọwọ́ kan bíréèkì iwájú, pé ó ń gbéni ṣubú. Ṣé òótọ́ ni?

Rárá o. Ìmọ̀ràn burúkú ni. Bí ẹ bá ń tẹ bíréèkì, iwájú ni ẹrù máṣíìnì ń rọ́ lọ, táyà iwájú á wá gbá ilẹ̀ mú ju ti ẹ̀yìn lọ. Fífà á lójijì ló ń gbéni ṣubú. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀mejì: àkọ́kọ́, kó kàn mú díẹ̀ kí iwájú sì jókòó, lẹ́yìn náà, ẹ máa fi agbára kún un. Ẹsẹ̀ ọ̀tún á máa tẹ ti ẹ̀yìn jẹ́jẹ́. Ẹ fi kọ́ra lójú ọ̀nà tó tọ́, láti kílómítà 20 ní wákàtí, ẹ bọ́ sí 30, kí ẹ tó dé 40. Ẹ rántí pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni ibi tí ẹ máa lò láti ìgbà tí bíréèkì bá ti mú títí ẹ ó fi dúró. Lórí yanrìn, tàbí tí máṣíìnì bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fà á díẹ̀ péré.

Bí ọwọ́ bíréèkì bá ń kan ọwọ́ máṣíìnì, ẹ wo àmì kékeré tó wà lára ìlù bíréèkì. Bó bá ti kọjá ààlà rẹ̀, bàtà bíréèkì ti tán; fífún nọ́ọ̀tì kò ràn án mọ́.

Ìbéèrè: Afẹ́fẹ́ táyà mélòó?

Ìwé máṣíìnì yín ló ni àṣẹ. Fún Boxer àti irú rẹ̀, nǹkan bí 25 psi níwájú àti 28 lẹ́yìn ló bá ẹnì kan mu, kí ẹ wọ̀n ọ́n kí táyà tó gbóná. Fọkanáísà tó fi 40 sí i kó lè pẹ́ ti dín ibi tí táyà fi ń kan ilẹ̀ kù. Àwọn tó ń gun máṣíìnì ńlá nílẹ̀ òkèèrè máa ń dín afẹ́fẹ́ kù ní pápá. Ẹ má fara wé wọn lórí táyà oníṣúbù. Táyà lè yí lórí rímù, kó sì fa imú ṣúbù ya.

Ìbéèrè: Bí mo bá jọ̀wọ́ iná tí mo tún fún un, máṣíìnì á ta kìjí.

Ṣéènì ti dẹ̀. Ẹ tẹ àárín rẹ̀ nísàlẹ̀ sókè sódò: ó yẹ kó máa rìn ní mílímítà 20 sí 30. Ẹ yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kí ẹ wọ̀n ọ́n níbi mẹ́rin. Bó bá le níbì kan tó dẹ̀ níbòmíràn, ẹ pààrọ̀ òun àti sprocket méjèèjì, ìyẹn irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé, pa pọ̀. Àmì apá òsì àti ọ̀tún ní ìdí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ bára mu.

Ìbéèrè: Bí ẹnì kan bá ṣubú ńkọ́?

Àsíá pupa ni àkọ́kọ́. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ má sì já hẹ́lìmẹ́ẹ̀tì kúrò lórí rẹ̀. Bó bá ń mí, tó sì ní ọrùn ń dun òun, ẹ má gbé e dìde. Ẹ pe 122 ti FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Kí ọkọ̀ kan ti wà ní géètì láti àárọ̀, kí awakọ̀ rẹ̀ má sí lára àwọn tó ń gùn, kó sì mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ UNIOSUN. Máṣíìnì tó ṣubú kò gbọ́dọ̀ padà wọlé àyàfi tí ẹ bá ti rí i pé ọwọ́ rẹ̀ kò wọ́, bíréèkì méjèèjì ń mú, epo kò sì ń jò.